Ọ̀pá Wúrà Eureka
San Francisco, 1857

Wúrà ilẹ̀ Kalifọ́níà ni ọ̀pá yìí; ilé-iṣẹ́ Kellogg & Humbert ló yọ́ ọ. Ó wà nínú ọkọ̀ SS Central America tí ìjì líle rì sí òkun Àtìláńtíìkì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1857, tòun ti èèyàn tó lé ní 400. Ọdún 1988 ni wọ́n tó rí àwókù ọkọ̀ náà.

Ara ọ̀pá náà ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Wọ́n lu ìwọ̀n rẹ̀ sí i (áńsì 933.94, bíi kílò 29), bí wúrà inú rẹ̀ ṣe mọ́ tó (903 nínú 1,000) àti iye rẹ̀: $17,433.57. Ẹni tó bá ń fura lè ṣírò rẹ̀. Nǹkan bíi dọ́là 20.67 ni áńsì ògidì wúrà nígbà náà, ìṣirò náà sì bára mu. Igun tí wọ́n gé kì í ṣe àbùkù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bù lára rẹ̀ láti dán an wò.

Fàdákà ló pọ̀ jù nínú ìyókù, bí wúrà Kalifọ́níà ṣe sábà máa ń jáde nílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láti tọ́ka sí kòtò kan pàtó, torí àwọn oníṣòwò máa ń ra wúrà lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ awakùsà. Ti àwọn ọ̀pá Justh & Hunter, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń yọ́ wúrà, sàn díẹ̀: ó ní ẹ̀ka ní Marysville, nítòsí ibi ìwakùsà, nọ́ńbà ara ọ̀pá ni àwọn olùwádìí sì fi ń ya tibẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti San Francisco.