Server Dídá, Server Pípa: Ohun Tó Ń Yí Padà Nínú OpenStackClient

Láti Dacula ni mo ti ń kọ èyí, ìlú kékeré kan ní Gwinnett County, bíi máìlì 40 sí àárín Atlanta. Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé, iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe lóru? Mò ń tọ́jú server ni. Irinṣẹ́ tí mo sì ń lò jù ni OpenStackClient. Lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé.

Ní oṣù keje ọdún 2010 ni Rackspace àti NASA gbé OpenStack jáde. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, tí ẹnikẹ́ni lè fi sọ yàrá tó kún fún kọ̀ǹpútà di àwọsánmà tirẹ̀. Àwọsánmà tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti òjò o: kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, tí èèyàn ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Kóòdù OpenStack wà ní gbangba. Ẹ lè kà á, ẹ sì lè tún un ṣe. Kódà, Atlanta níbí, ní Georgia World Congress Center, ni àwọn tó ń kọ ọ́ ti pàdé ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, láti jíròrò ẹ̀dà tó kàn nígbà yẹn, tí wọ́n pè ní Juno.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé OpenStack kì í ṣe ẹyọ kan. Nova ló ń dá server sílẹ̀, Neutron ló ń so wọ́n pọ̀ mọ́ra, Keystone ni aṣọ́nà tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Nígbà kan, oníkálukú ló ní àṣẹ tirẹ̀. Ẹ fẹ́ dá server? Ẹ tẹ "nova boot". Ẹ fẹ́ rí nẹ́tíwọ̀kì? Ó di "neutron net-list". Ohun tí Keystone kọ́kọ́ pè ní tenant tún wá di project. Àfi bí ọjà tí aláta, ẹlẹ́ja àti onírú ti ń sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó lè se ọbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lórí OpenStackClient ní ọdún 2012. Àṣẹ kan fún gbogbo wọn. Ẹ máa kọ́kọ́ tẹ "openstack", ẹ dárúkọ nǹkan, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí i: "openstack server create", "openstack network list". Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ fetí sí mi dáadáa. A máa ń sọ pé "ó rán aṣọ", "ó kọ́ ilé". Ṣùgbọ́n tí a bá ń dárúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, a lè gbé nǹkan ṣáájú: aṣọ rírán, ilé kíkọ́, ẹja títà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni "server create" ṣe tò. Èmi máa ń sọ ọ́ sínú pé "server dídá" tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ó máa ń falẹ̀ ṣá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é ló tún ń jí Python dìde, tó tún ń wá gbogbo àfikún tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, kó tó wá lọ kan ilẹ̀kùn Keystone. Wọ́n ti dín in kù: ó lè kọ orúkọ àwọn àfikún náà pa mọ́ báyìí, kó má baà máa wá wọn kiri lójoojúmọ́. Tí iṣẹ́ yín bá pọ̀, ẹ tẹ "openstack" nìkan, kò ní jáde, ẹ ó sì máa tẹ àṣẹ yín lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àyípadà tó kàn mí jù kò ṣeé rí lójú. Tí ẹ bá fi "-f json" kún àṣẹ, èsì á jáde lọ́nà tí ètò kọ̀ǹpútà míì lè kà. Tẹ́lẹ̀, orúkọ nẹ́tíwọ̀kì, àmì "=" àti àdírẹ́sì server máa ń lẹ̀ pọ̀ bíi gbólóhùn kan. Nígbà tó yá, wọ́n pín in: orúkọ lọ́tọ̀, àdírẹ́sì lọ́tọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí mi ò ní dárúkọ, ní ètò kékeré kan tó ń wá àmì "=" yẹn kó tó mọ server tó máa ṣe àdàkọ rẹ̀ lóru. Wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, kò sì sẹ́ni tó ka ìwé àlàyé tó bá a wá. Òru mẹ́rin gbáko, kò sí àdàkọ, ètò náà ò sì pariwo. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn dókítà eyín ló wà níbẹ̀ o! Ọlọ́run ló yọ wọ́n, nǹkan kan ò bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà. Èmi ni mo kan rí i ní aago méjì òru, níbi tí mo ti ń wá nǹkan míì. Ọ̀gá wa fẹ́ di ẹ̀bi ru àwọn tó kọ OpenStackClient. Mi ò gbà. Àyípadà náà wà nínú ìwé àlàyé.

Iṣẹ́ ṣì ń lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn àṣẹ kan ṣì ń gba inú kóòdù àtijọ́ kọjá, wọ́n sì ń kó wọn díẹ̀díẹ̀ lọ sórí ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ openstacksdk. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn, tó ń wá iṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, gbé ọ̀kan nínú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Tíná bá lọ, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní sólà ló ń lọ. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sì fún un ní −1. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọn ò fẹ́ iṣẹ́ mi ni?"

Mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sí mi létí. Àdánwò ni wọ́n ní kó kọ sí i, àti ìwé àlàyé kúkurú fún àwọn tó máa lò ó. Ó ní ìlà méjì péré ló yí padà, kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣàlàyé? Mo wá sọ ìtàn òru mẹ́rin yẹn fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó yé mi, sà."

Ó ti kọ méjèèjì. Àdánwò ti yege, ẹnì kan ti fún un ní +2. Ó ń retí ìkejì.