Ìjàpá àti Píjò: Èwo Ló Fàkọ Yọ?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí àríyànjiyàn ọkọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá ní Bomo, apá méjì la máa ń pín sí. Àwọn kan á ní kò sí ọkọ̀ tó tó Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Àwọn kan á ní Peugeot 504 lọba ọkọ̀. Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Jámánì ni Ìjàpá ti wá. Ferdinand Porsche ló yàwòrán rẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀yìn ogun ló sì tó pọ̀ níta. Ilẹ̀ Faransé ni 504 ti wá ní 1968. Ní 1969, òun ni wọ́n fi ṣe Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù. Ní 1975, àwọn méjèèjì dọmọ Nàìjíríà: Èkó ń to Ìjàpá, Kàdúná tí kò jìnnà sí wa ń to 504.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, atẹ́gùn ló sì ń mú un tutù. Kò ní rédíétọ̀, nítorí náà kò sí omi tí yóò hó tàbí tí yóò jò. Ẹ́ńjìnnì yìí tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kó máa yí lásán nínú ẹrẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ẹrù díẹ̀ ló sì ń gbà.

Iwájú ni ẹ́ńjìnnì 504 wà, omi ló ń mú un tutù. Awakọ̀ tí kò bá wo omi rẹ̀ nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe ń wá wàhálà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, búùtù rẹ̀ fẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì ń gbé kòtò mì. Sitéṣọ̀n wágọ̀n rẹ̀ ló kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Zaria lọ sí Ìlọrin àti Ìbàdàn. Nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn méjèèjì ló ti gba ipò kìíní: Ìjàpá ní 1962, 504 ní 1975.

Ìdájọ́ wa ni pé Ìjàpá yẹ ẹni tó ń dá rìn tí owó rẹ̀ kò pọ̀. 504 yẹ ẹni tó ní ẹbí àti ẹrù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Títò ni Èkó àti Kàdúná ń to ọkọ̀ wọ̀nyí. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara wọn ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, owó ẹ̀yà wọ̀nyí fò sókè, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ tíṣà àti akọ̀wé, tòkunbọ̀ sì gba ojú títì. Ní 2003, Mẹ́síkò to Ìjàpá ìkẹyìn. Kàdúná náà ti dẹ́kun títo 504.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, títò nìkan kò tó. Ẹ kọ́ bí a ó ṣe máa rọ ẹ̀yà ọkọ̀ fúnra wa. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.