Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Linux wo ni kí n gbé sórí kọ̀ǹpútà mi?

Ṣé kọ̀ǹpútà yín kò gba Windows 11? Ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10. Ẹ má tíì tà á ní gbàǹjo o! Linux wà, ètò tó lè rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ sì ni.

1. Linux pọ̀ lóríṣiríṣi: Ubuntu, Fedora, Debian. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Windows, Linux Mint ni màá ní kó mú. Ìdí? Ojú rẹ̀ jọ èyí tó ti mọ́ yín lára, mẹ́nù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Bí RAM yín bá jẹ́ 4GB péré, ẹ mú ẹ̀yà Xfce, ó fúyẹ́.

2. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé e mì! Ẹ gbé Mint sórí fláàṣì, kí ẹ fi fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà. Windows yín á ṣì wà níbẹ̀ láìyingin. Ẹ wá wò ó: ṣé Wi-Fi ń ṣiṣẹ́? Ohùn ńkọ́? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńkọ́? Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ.

3. Lórí Linux, LibreOffice máa ń ṣí fáìlì Word. Àmọ́ kò sí Photoshop fún Linux; bí òun bá ni oúnjẹ òòjọ́ yín, ẹ má tíì kúrò lórí Windows.

Kí ẹ tó gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn ná o.

Ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tì. Èwo lẹ̀yin ń lò?