Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Osibisa, Ẹgbẹ́ Olórin Tí Ó Gbé Ìlù Dé Ìlú Ọba

Ní ọdún 1971, àwo orin kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣàjèjì sí etí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà. Kì í ṣe jìtá ni ó kọ́kọ́ dún nínú rẹ̀. Ìró kòkòrò àti ti ẹyẹ inú igbó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ gbọ́, ohùn ọkùnrin kan yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i káàbọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn èyí ni ìlù yóò máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí fèrè yóò tẹ̀lé ìlù, kí jìtá oníná àti dùùrù tó dé láti gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Osibisa ni orúkọ ẹgbẹ́ tí ó kọ ọ́, Osibisa náà sì ni wọ́n pe àwo náà. Sí ara páálí rẹ̀ ni ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Roger Dean, ya erin tí ó hu ìyẹ́ kòkòrò tí ó sì ń fò lójú òfuurufú. Àwọn baba wa ní àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Àwọn ará Ìlú Ọba rí erin yìí, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọn rí i, nítorí àwo náà gòkè dé ipò kọkànlá láàárín àwọn àwo tí ó tà jù ní ilẹ̀ wọn, èkejì rẹ̀, Woyaya, tí ó jáde kí ọdún náà tó parí, sì dé ipò kan náà.

Bí a bá dárúkọ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ti Ìlú Ọba, àwọn Beatles àti Rolling Stones ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Ìlú Ọba ni Osibisa pẹ̀lú: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ibùdó, ojú agbo àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbọ́ rọ́ọ̀kì ni wọ́n sì ti gbayì. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ènìyàn dúdú ni gbogbo wọn, wọn kò sì fi ìlù ilé baba wọn sílẹ̀ ní etí òkun nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a rí dì mú nínú ìtàn wọn nìyí: ohun tí a jogún nílé, bí a bá kọ́ ọ dójú àmì, tí a sì fi ẹgbẹ́ ṣe é, ó tó gbé wa níyì láàárín àjèjì.

Kumasi, ìlú Asantehene, ọba àwọn Asante, ní ilẹ̀ Gánà, ni a ti bí Teddy Osei ní ọdún 1937. Ó ti ń fọn fèrè saxophone, ó sì ti ń ṣe olórí ẹgbẹ́ háíláìfù kan tí a ń pè ní Comets, kí ó tó di pé ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní ọdún 1962 láti lọ kọ́ nípa orin. Ní ọdún 1964 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ó pè ní Cat's Paw, níbi tí ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti da orin ilé pọ̀ mọ́ ti òyìnbó. Nígbà tí ó di ọdún 1969, ó kó àbúrò rẹ̀, Mac Tontoh afunkàkàkí, àti Sol Amarfio onílù mọ́ra. Lásísì Amao, ọmọ Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá kankan, dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn mẹ́ta sì ti erékùṣù Karibéánì wá, Wendell Richardson ará Antigua pẹ̀lú jìtá rẹ̀, Spartacus R ará Grenada tí ń ta báàsì, àti Robert Bailey ará Trinidad tí ń tẹ dùùrù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: láti ara osibisaba, orin ijó àtijọ́ àwọn Fante ní etí òkun Gánà, tí háíláìfù ti yọ jáde, ni wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́ wọn.

Nínú orin rọ́ọ̀kì ìgbà náà, ẹnìkan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jókòó sídìí ìlù, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ó mú ìṣísẹ̀ orin dúró ṣinṣin kí onijìtá lè máa fi ìka dárà. Osibisa yí ètò yìí padà. Bí Amarfio ti jókòó ti ìlù òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni Amao yóò máa lu kóńgà, tí Osei yóò mú ìlù ilẹ̀ Gánà lọ́wọ́, tí Mac Tontoh yóò sì máa gbọn kabasa, èyí tí ó jọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa, kálukú pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀, tí ọ̀nà ẹnìkan kò sì dí ti ẹnìkejì. Bí ìlù bá wọ ara wọn tán, àwọn kan náà yóò gbé fèrè sẹ́nu, wọn yóò jọ fọn ọ́n pọ̀, jìtá Richardson yóò sì máa dá wọn lóhùn ní àyè tí ìlù àti fèrè bá fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró nídìí agbo dùndún rí, tí ó rí bí gúdúgúdú ti ń sáré ṣùgbọ́n tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, yóò mọ ohun tí mo ń wí. Tony Visconti, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá olórin David Bowie ṣiṣẹ́, ni ó darí gbígba àwo méjèèjì àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Òkìkí wọn kàn. Ní ọdún 1973, Art Garfunkel, olórin Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, mú orin Woyaya wọn, ó sì kọ ọ́ sínú àwo tirẹ̀. Àwọn ará Karibéánì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò nígbà náà, Richardson sì bá ẹgbẹ́ Free ṣeré ní Amẹ́ríkà fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n agbo kò tú, nítorí ọ̀dọ́mọdé kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Kiki Gyan ará Gánà, bọ́ sídìí dùùrù, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé ẹnu ya àwọn àgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1976, orin wọn Sunshine Day dé ipò kẹtàdínlógún ní Ìlú Ọba.

Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àkókò kan náà tí Osibisa ń gbé ìlù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olórin Lọ́ńdọ̀nù ń wá ìlù wá sí Èkó. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá Fẹlá ṣeré, ó sì ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ikeja, tí òun àti ìjọba ìbílẹ̀ wa, Alimosho, jọ pààlà, ní ọdún 1973. Ní ọdún yẹn kan náà, Paul McCartney, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles rí, gba ọ̀pọ̀ orin àwo Band on the Run sílẹ̀ ní Apapa, ó sì gba ọ̀kan sílẹ̀ ní ilé Baker ní Ikeja. Àwọn ọmọ wa, Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmósù, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì BLO sílẹ̀, bá Baker náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó sì yá, Osibisa ránṣẹ́ pe Odùmósù kí ó wá máa ta báàsì fún wọn. Ní ọdún 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC tí gbogbo ènìyàn dúdú àgbáyé péjọ sí Èkó, Osibisa fúnra wọn wá ṣeré níbẹ̀.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bí àwọn ọdún 1970 ti ń parí lọ, ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìlú Ọba yí sí ijó dísíkò àti orin pọ́ǹkì, àwo Osibisa kò sì tà bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Oògùn olóró ba ayé Kiki Gyan jẹ́, ó sì kú ní ọdún 2004. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí tí ọmọ wọn lẹ́bùn orin fi èyí sọ́kàn. Síbẹ̀, Osibisa kò pa agbo tì: wọ́n ṣeré nígbà tí Zimbabwe gba òmìnira ní ọdún 1980, wọ́n ṣeré ní Íńdíà lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ wọn kò sì kúrò lójú agbo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mac Tontoh kú ní ọdún 2010. Teddy Osei, baba ẹgbẹ́, tẹ̀lé e ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Kí ni èyí kàn wá ní Alimosho? Láti Ikotun dé Egbeda, láti Idimu dé Igando, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í gbọ́ kóńgà, kíbọ́ọ̀dù, jìtá báàsì àti ìlù òyìnbó nínú ilé ìjọsìn, ọ̀dọ́langba ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lò wọ́n, ọwọ́ wọn sì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí ìsìn bá ti túká, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbé orin jáde, òun àti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ra. Orin dídùn ti jáde láti inú irú yàrá bẹ́ẹ̀, n kò sì bu iṣẹ́ wọn kù, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹnìkan kò lè dá ṣe ohun tí àwọn méje tí ó bẹ̀rẹ̀ Osibisa ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kọ́ ohun èlò orin kan dójú àmì, ẹ wá ẹgbẹ́, ẹ sì pe ọmọ àyàn tí ń lu dùndún ní àdúgbò yín mọ́ra kí ó jókòó ti onijìtá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pe ọmọ tí ń ta jìtá ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ya gbọ̀ngàn kan sọ́tọ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan tí àwọn ọmọ yìí yóò ti máa kọ́ orin pọ̀ láìsanwó. Ìlù, fèrè àti ìrẹ́pọ̀ ni Osibisa fi bẹ̀rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ti wà ní Alimosho, ẹ jẹ́ kí a wá ẹ̀kẹta.