Ọmọ Tí Ń Kọ́ Kíjìpá

Àwọn àgbà a máa wí pé kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, nítorí kì í tètè gbó. Nítòótọ́, ọ̀lẹ lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kò lè hun ún.

Nígbà àtijọ́, ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, àwọn ìyá wa ni ahunṣọ inú ilé. Òfì obìnrin kò dàbí ti ọkùnrin: òró ni ó dúró ti ògiri, ìyá a sì jókòó níwájú rẹ̀. Ìbú aṣọ méjì tàbí mẹ́ta ni a ń rán pọ̀ di ìró.

A jókòó ti ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ ọ. Ó fa òwú le jù, kí etí aṣọ lè gún. Aṣọ sì sún kì bí ìbàdí agbọ́n. Ó fo òwú kan, kò sì mọ̀ títí ó fi hun ìwọ̀n ìka mẹ́rin kọjá ibẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, “Tú u.”

“Yèyé, gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà.

Ẹ̀yin òbí, níbi títú yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sá kúrò nídìí òfì. Ẹ má ṣe bá wọn tú u, ẹ má sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ kọ́ wọn kí òwú tẹ̀ bí ọrun kí wọn tó lù ú mọ́ra. Ẹni tí ó ń tú iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń rí ọ̀nà tí àṣìṣe gbà wọlé.

Ọmọ wa nu ojú, ó tú u. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, etí aṣọ ti gún.