Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Ẹ̀rọ Máa Kọ Àkọsílẹ̀ Omi Wa: Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ìlú Sókótó

Omi tó tòrò nínú ife lè ní àrùn nínú. Ojú lásán kò lè rí kòkòrò onígbáméjì tàbí ti táífọ́ọ̀dù, nítorí náà wíwọ̀n ni ààbò wa: bí omi ṣe rú tó, àti iye chlorine apakòkòrò tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí chlorine náà má kéré sí mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan nígbà tí omi bá fi dé ẹnu ẹ̀rọ. Wíwọ̀n yìí kò yẹ kó dúró lórí ìwé àfọwọ́kọ nìkan.

Odò Rima, tí wọ́n sé ní Goronyo, wà lára ibi tí ìlú Sókótó ti ń rí omi. Lásìkò òjò, àgbàrá lè rú odò láàárín wákàtí díẹ̀, iye álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò tó tó láàárọ̀ kò sì ní tó mọ́ lọ́sàn-án. Nínú ooru oṣù Kẹrin, tó máa ń kọjá 40°C, chlorine ń tètè pòórá. Òṣìṣẹ́ tó wọn omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, ó ń fi iye náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ó sì ń pariwo bí nǹkan bá yí padà.

Irú ewu yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní Kánádà, lóṣù Karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá gbé ìgbẹ́ màlúù wọnú kànga ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ iye chlorine tí wọn kò wọ̀n sínú ìwé. Èèyàn 7 kú, nǹkan bí 2,300 ṣàìsàn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Dennis O'Connor darí sọ pé ẹ̀rọ tó ń wọn omi láìdúró ìbá ti dènà àjálù náà.

Àwọn kan yóò ní iná kì í dúró. Òótọ́ ni, àmọ́ iná tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ kò pọ̀, oòrùn Sókótó àti bátìrì tó gbé e. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Rárá o: ẹ̀rọ tí ẹrẹ̀ bò yóò gbé iye èké jáde, ó nílò ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́, tí yóò sì máa fi àyẹ̀wò ọwọ́ dán an wò. Àtakò tó wúwo jù ni pé a lè ra ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni má ka ohun tó kọ. Nítorí èyí ni àbọ̀ ojoojúmọ́ fi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, kí aráàlú náà sì rí i kà. Ní báyìí, bí omi bá rú tàbí tó ń rùn, ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún, kí ẹ sì tètè fi tó ilé-iṣẹ́ omi létí.