Orúkọ Ohun Ọ̀gbìn àti Ànfààní Rẹ̀ fún Àgbẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ohun tí àgbẹ̀ ń gbìn. Iṣu kan náà a máa jẹ́ orúkọ kan ní ìlú kan, a sì máa jẹ́ òmíràn ní ìlú kejì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe iṣu méjì tí ìwà wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá fi orúkọ lásán ra irúgbìn lè ṣe iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lásán. Nítorí èyí ni àwọn amòye fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà tí a fi ń sọ ohun ọ̀gbìn lórúkọ.

Ní ọdún 1753, Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó fi orúkọ méjì méjì ní èdè Látìnì fún ewéko kọ̀ọ̀kan. Ti ìṣáájú ni orúkọ ìdílé, èkejì ni ti ẹ̀yà náà gan-an. Nípa ìlànà yìí ni ọ̀pẹ fi ń jẹ́ Elaeis guineensis, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil.

Ṣùgbọ́n orúkọ méjì kò tó fún ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣà yàn, nítorí nínú ẹ̀yà kan ni a ti ń rí èyí tí ó ń tètè so àti èyí tí ó ń pẹ́ kí ó tó so. Nítorí náà, ní 1953, a tẹ ìwé òfin àkọ́kọ́ jáde fún orúkọ ohun ọ̀gbìn. Òfin náà, bí ó ti wà lónìí, ni wọ̀nyí:

Èkíní, irú tí a ó sọ lórúkọ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ara wọn, ìwà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yí padà bí a ti ń tún un gbìn.

Èkejì, orúkọ irú náà ni a ó kọ tẹ̀lé ti Látìnì, a ó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó sì fi àmì kékeré sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, báyìí: 'Agbagba'.

Ẹ̀kẹta, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1959, orúkọ titun kò gbọdọ̀ jẹ́ Látìnì. Èdè tí ènìyàn ń sọ ni kí a fi sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, orúkọ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìyangàn, tí ń ṣe ìlérí ohun tí irúgbìn náà kò ní.

Bí ẹ̀yà méjì bá dàpọ̀ bí ọmọ, a ó fi àmì × sí àárín orúkọ ọmọ náà. Linnaeus rò pé ẹ̀yà kan ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó sì pè é ní Musa paradisiaca. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ọmọ Musa acuminata àti Musa balbisiana ni, tí àwọn méjèèjì ti ilẹ̀ Éṣíà wá; nítorí náà ni a fi ń kọ ọ́ ní Musa × paradisiaca. Níwọ̀n bí a ti ń fi ọmọ tí ó yọ ní ìdí rẹ̀ gbìn ín, ìwà rẹ̀ kì í sábà yẹ̀.

Ti ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn ni à ń pè ní dura. Èyí tí kò ní èèpo ni pisifera, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó so dáadáa. Ní 1941, Beirnaert àti Vanderweyen fi hàn ní ilẹ̀ Kóńgò pé ọmọ àwọn méjèèjì ni tenera, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí tenera bá bá tenera dàpọ̀, nínú ọmọ mẹ́rin, bí a bá ṣírò rẹ̀, ọ̀kan yóò jẹ́ dura, méjì yóò jẹ́ tenera, ọ̀kan yóò sì jẹ́ pisifera. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó bá ṣa ọmọ ọ̀pẹ tí ó hù lábẹ́ tenera, tí ó sì ń pè é ní tenera, ti fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sì ní mọ àṣìṣe rẹ̀ títí ọ̀pẹ náà yóò fi so, lẹ́yìn tí owó àti agbára ti lọ.

Kí àgbẹ̀ nítorí náà ra irúgbìn ọ̀pẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó lè fi ìyá àti bàbá rẹ̀ hàn, gẹ́gẹ́ bí ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà nítòsí ìlú Benin láti 1939, tí à ń pè ní NIFOR lónìí. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó ní orí ebè, kí ó má sì da irú méjì pọ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, nínú oko pẹ̀lú.